Ìbéèrè Kejìlélọ́gọ́fà

Ẹ̀rọ mẹ́ta la tò sílẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ ìdánwò
ní àjà kẹrin, ní Leipzig,
yìnyín ń bọ́ lóde, kò dún, kò fọhùn.
Ọ̀gá wa, Frau Ziegenbalg, ní kí n jókòó tì wọ́n,
kí n bi wọ́n ní igba ìbéèrè,
kí n fi ohun tí wọ́n bá sọ wé ti ìwé ìdáhùn,
kí n fún kálukú ní máàkì tó tọ́ sí i.

Àwọ̀n ni ìmọ̀ tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.
Kókó kan ni ìlú, kókó kan ni odò,
kókó kan ni obìnrin tó kú lọ́dún tí òjò kò rọ̀.
Okùn ló so wọ́n pọ̀: ta ló bí ta,
odò wo ló ṣàn wọ odò wo.
Ẹ̀rọ á tọ okùn láti kókó dé kókó
bí ọmọdé tí ń tọ èèrà lẹ́yìn
dé ibi tí ìyá rẹ̀ tọ́jú ṣúgà sí.

Èkíní yára. Kò tíì gbọ́ ìbéèrè tán tó ti ń dáhùn.
Mo bi í léèrè ọmọ ẹnì kan, ó da gbogbo ẹbí sílẹ̀,
àna, ìyekan, títí kan ajá.
Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣà á?
Èkejì ahun. Ọmọ mẹ́fà ni, ó dárúkọ ẹyọ kan;
kò purọ́, kò sì sọ òótọ́ tán.
Ẹ̀kẹta, bí kò bá mọ̀, á dákẹ́.
Òfin wa ní òdo ni ti adákẹ́,
òdo kan náà tí à ń fún òpùrọ́.
Mò ń kọ ọ́, ọwọ́ mi ń wúwo.

Ó di ìbéèrè kejìlélọ́gọ́fà:
*Ènìyàn mélòó ló ń gbé ní Altzschenau?*
Èkíní: ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá.
Èkejì: ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá.
Ẹ̀kẹta dákẹ́.
Mo ṣí ìwé ìdáhùn: ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá.
Ǹ bá fa igi, kí n kọjá.

Ṣùgbọ́n mo mọ Altzschenau.
Abẹ́ omi ló wà.
Wọ́n wa èédú títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì,
wọ́n wa ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn.
Nígbà tí èédú tán, wọ́n jẹ́ kí omi kún ihò náà,
wọ́n pè é ní adágún.
Mo ti lúwẹ̀ẹ́ lórí ilé ìdáná ìyá ìyá mi,
mo jẹ áísìkiriìmù létí rẹ̀.

Lothar Petzold, tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn lálẹ́,
wọlé wá pa iná, ó rí ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà.
Ó wò ó títí.
"Ìyẹn ni iye wa lọ́dún tí mo wọṣẹ́ ológun.
Méjìlá tó lé yẹn, ìdílé Schmolke ni;
àwọn ló dé gbẹ̀yìn, àwọn ló kọ́kọ́ lọ."
Mo ní, "Mélòó ni kí n kọ, Lothar?"
Ó ṣí fìlà, ó tún un dé.
"Bó o bá bi omi, ẹyọ kan kò sí.
Bó o bá bi mí, gbogbo wọn."
Ó gbàgbé iná tó wá pa.

Ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, wọ́n ní.
Bí ẹni tá a bi bá ń ka àwòrán ilẹ̀ àná ńkọ́?
Okùn tó so ìlú náà mọ́ ènìyàn rẹ̀ ṣì wà nínú àwọ̀n,
kò sẹ́ni tó rántí já a.
N kò mọ̀ bóyá èmi fẹ́ kó já.

Lówùúrọ̀, Frau Ziegenbalg gba èsì, ó ní ó dáa.
Èkíní ló ṣe ipò kìíní.
Ẹ̀kẹta gba òdo tirẹ̀ lórí Altzschenau;
mo fara balẹ̀ kọ ọ́, ó rí róbótó
bí adágún lójú àwòrán ilẹ̀,
òdo tó kún fómi.